Ẹkùn Tó Fún Ọkọ̀ Dádì Lọ́rùn

                                                  Ojúlé 42, Saltmarsh Walk,
                                                  Thamesmead North,
                                                  London SE28.
                                                  Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹjọ, ọdún 2013.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ọmọ́ṣaléwá arẹwà,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí, mo sì kí ọ lẹ́ẹ̀kẹta, nítorí pé owó sítáǹpù wọ́n níbí, n kò sì fẹ́ kí ìkankan nínú rẹ̀ ṣòfò. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Mọ́mì rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dà wọ́n láàmú ti jẹ́ kí wọ́n sinmi? Àwọn ìbejì tó máa ń jí ṣúgà lá ńkọ́? Dádì rẹ ńkọ́? Mo gbọ́ pé wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ rẹ títí ìdánwò á fi parí. Kú ìrọ́jú. Ká ní èmi ni, n bá ti kú kó tó di ọjọ́ kẹta. Ní tiwa, àlàáfíà la wà. A ti ṣe ọdún ìtúnu ààwẹ̀, a sì ti jẹ ẹran títí ó fi rẹ eyín wa.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo rí i pé Dádì rẹ fi ọwọ́ ara wọn kọ ìbéèrè sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú báírò pupa bí ẹni tó ń máàkì ìwé. Wọ́n ní kí n bá àwọn bi Dádì mi bóyá ọkọ̀ háíbíríìdì tí wọ́n rà, èyí tó ń lo bátìrì àti bẹntiróòlù pa pọ̀, tó owó gọbọi tí wọ́n ń dá lé e. Ọ̀rẹ́ mi, Dádì ló ra ọkọ̀ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Torí náà, èmi ni màá dáhùn. Wá ibi tó tutù jókòó sí, má sì ka ibì kan báyìí sókè sétí wọn. Tá a bá débẹ̀, màá sọ fún ọ.

Ó yẹ kó o kọ́kọ́ mọ bí ọkọ̀ náà ṣe dé ilé wa. O mọ̀ pé takisí ni Dádì ń wà. Ọkọ̀ tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, ṣe ló ń mu bẹntiróòlù bí ràkúnmí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti aṣálẹ̀ dé. Láti ilé wa, tó o bá gba Harrow Manorway dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Abbey Wood, ìrìn tí kò ju kí èèyàn sín lẹ́ẹ̀mejì lọ, wàá máa fojú rí i bí bẹntiróòlù ṣe ń lọ sílẹ̀. Ohun tó sì ń mu yẹn ni Dádì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ pẹ́ láti rí padà. Nínú ààwẹ̀ èṣí, nínú gbogbo ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n bá wa ṣínu nílé. Ọjọ́ yòókù, inú ọkọ̀ ni, lẹ́bàá ọ̀nà ní Belvedere, dàbínù mẹ́ta àti omi inú ike, kí èrò mìíràn tó pè. Waheedah àbúrò mi, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, a máa bu oúnjẹ Dádì sọ́tọ̀, á jókòó tì í bí ọlọ́pàá, títí oorun á fi gbé e lọ.

Nígbà tó di oṣù Kẹfà ọdún yìí, àjọ kan Dádì. O mọ̀ pé wọn kì í yá owó elélèé, torí náà wọ́n ti ń dá àjọ yẹn láti ìgbà tí ayé ti ṣẹ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ háíbíríìdì làwọn máa fi rà. Àlòkù ni o, síbẹ̀ ó fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta pọ́n-ùn wọ́n ju ọkọ̀ oní-dísẹ̀lì tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́ lọ. Mọ́mì fọwọ́ lérí. Dádì wá ṣàlàyé pé owó bẹntiróòlù tí ọkọ̀ yìí bá bá àwọn dín kù, àsìkò làwọn máa fi rà. Wọ́n ní nínú ààwẹ̀ tó ń bọ̀, ilé làwọn á ti máa ṣínu lójoojúmọ́. Waheedah ní kí wọ́n sọ pé wàláhì. Wọ́n sọ ọ́.

Ọ́ńkù Múrítàlá kò fara mọ́ ọn rárá. Ọ̀rẹ́ Dádì ni wọ́n láti Ìjẹ̀bú, takisí làwọn náà ń wà, dísẹ̀lì ni tiwọn, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Wọ́n ní ọkọ̀ tó bá ní ẹ̀rọ méjì, wàhálà méjì ló ní. Wọ́n ní bátìrì yẹn á kú lọ́jọ́ kan, ẹgbẹ̀rún méjì pọ́n-ùn sì ni wọ́n ń ta òmíràn. Dádì kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.

Kí n má purọ́ fún Dádì rẹ, ọkọ̀ náà kò já wa kulẹ̀. Nínú ìgboro níbi téèyàn ti ń lọ díẹ̀ tó ń dúró díẹ̀, bí Dádì bá ti tẹ búréèkì, ṣe ló ń kó agbára padà sínú bátìrì, bátìrì yẹn ló sì máa tún fi gbéra. Ọjọ́ tí ọkọ̀ àtijọ́ máa mu bẹntiróòlù pọ́n-ùn mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, mẹ́rìnlá péré lèyí ń mu. Mo fi fóònù mi ṣírò rẹ̀: kí ọdún tó yípo, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta yẹn á ti padà wálé. Nígbà tí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, kí oòrùn tó wọ̀ ni Dádì ti ń dé. Waheedah ń fi dàbínù sí wọn lẹ́nu fúnra rẹ̀, ó ń kà á bí ẹni tó ń fún aláìsàn lóògùn.

Ọjọ́ kẹrin wá dé. Ibí yìí gan-an ni kó o ti rẹ ohùn sílẹ̀.

Sátidé ni. À ń lọ ṣínu ní mọ́ṣáláṣí ní Woolwich, Mọ́mì sì gbé sóbò fún mi dání, omi pupa tí wọ́n fi ìṣápá sè, ike ńlá kan báyìí. Wọ́n ní kí n di ìdérí rẹ̀ mú dáadáa. Mo dì í mú. Ṣùgbọ́n ẹnì kan fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí BlackBerry mi, ọ̀rọ̀ náà sì dùn débi pé ọwọ́ kan kò tó fi fèsì. Kí n tó ṣẹ́jú, sóbò ti dà sórí àga ẹ̀yìn. Ọmọ́ṣaléwá, òkun pupa ni. Dádì àti Mọ́mì ń jiyàn níwájú lórí ibi tí wọ́n máa gbé ọkọ̀ sí, Waheedah ti sùn. Mo jókòó lé e lórí. Àbáyà dúdú ni mo wọ̀, ẹnikẹ́ni ò rí nǹkan kan. Gbogbo ìrun tí mo kí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìdí mi tutù.

Lọ́jọ́ kejì mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ bá Dádì fọ ọkọ̀. Mọ́mì ṣàdúà fún mi títí omijé fi bọ́ lójú wọn, wọ́n ní ààwẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ lára mi. Mo fọ àga yẹn, mo bó o, mo fi ọṣẹ abọ́ rẹ́ ẹ. Bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ ló ń tẹ́ sí i, títí ó fi di àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà, tòun ti erékùṣù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọgbọ́n kan wá sọ sí mi lórí. O mọ Mọ́mì mi: wọn kò tíì bọ́ ọ̀rá kúrò lára àga pálọ̀ wa láti ọdún mẹ́rin, kódà ọ̀rá ló wà lára rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n. Mo lọ bá wọn, mo ní ṣé bá a ṣe máa fi ọkọ̀ olówó iyebíye yìí sílẹ̀ níhòòhò nìyẹn, kí àwọn èrò máa fi bàtà àti súìtì mínńtì bà á jẹ́? Wọn ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n mú bùláńkẹ́ẹ̀tì olójú ẹkùn jáde, èyí tó wúwo ju èmi àti ìwọ lọ. Mo ní kí wọ́n jókòó, èmi á bá wọn tẹ́ ẹ. Mo ki etí rẹ̀ bọ gbogbo kọ̀rọ̀, mo fi pín-ìn-nì dè é lọ́tùn-ún lósì, débi pé èèrà ò lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Dádì wo ẹkùn, ẹkùn náà wò wọ́n. Wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀, Mọ́mì rán wọn létí iye tí wọ́n ra ọkọ̀, wọ́n sì wọ ọkọ̀ wọn lọ ṣiṣẹ́. Èrò kan tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, ìyá àgbà òyìnbó kan, bi wọ́n bóyá ẹkùn náà ti jẹun láàárọ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni oòrùn wá rántí London. Ó mú débi pé àwọn pẹ́pẹ́yẹ inú adágún tó wà lẹ́yìn ilé wa ń bára wọn du ibòòji. Nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í hó lẹ́yìn àga ọkọ̀, bíi fáànù tó fẹ́ fò lọ. Bátìrì ò fẹ́ gbéra mọ́, ẹ̀ńjìnnì nìkan ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Bẹntiróòlù pọ́n-ùn mẹ́rìnlá di ogún, ogún di mẹ́tàlélógún. Dádì tún bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ níta kí owó lè pé. Ọjọ́ kan wọn ò bá wa ṣínu, ọjọ́ kejì wọn ò sí nílé, ó di ọjọ́ mẹ́jọ. Waheedah tún padà sẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá. Lọ́jọ́ kẹfà, ó bi mí bóyá wàláhì máa ń tán. Mo ní kó lọ sùn.

Nígbà tó di Jímọ̀, iná pupa onígun mẹ́ta tàn níwájú Dádì. Kí ilẹ̀ Sátidé tó mọ́ tán, Ọ́ńkù Múrítàlá ti dé. Wọn ò tilẹ̀ fi Dádì ṣe yẹ̀yẹ́ púpọ̀, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti burú. Wọ́n ní àwọn mọ ẹnì kan tó fẹ́ ta ọkọ̀ oní-dísẹ̀lì. Ẹni tó ta háíbíríìdì fún Dádì gbà láti gbà á padà, ṣùgbọ́n á yọ ẹgbẹ̀rún kan ó lé ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn nínú owó. Dádì ní kò burú, tó bá di Mọ́ńdè àwọn á gbé e lọ. Ohùn wọn ò le. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò máa rọ̀. Wọ́n ní kí n bá àwọn kó gbogbo ẹrù wa kúrò nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè.

Ọ̀rẹ́ mi, inú mi dùn. Kí n sọ òótọ́ fún ọ. Mo ní Falilat, o ti bọ́, ọkọ̀ ń lọ, Áfíríkà ń bá a lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bèèrè, èrò kan ló ṣe é. Mo ti dá ẹni náà pàápàá: ọ̀mùtí kan tí wọ́n gbé ní Plumstead. Mo ti fún un ní irùngbọ̀n àti fìlà. Mo ń tú pín-ìn-nì lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì náà ní ìhà ọ̀tún, mo rí àwọn ihò kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, bí ẹnu rédíò. Irun ẹkùn ti dí i pa bí òwú inú ìrọ̀rí. Wọ́n ya àwòrán kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n fi ìlà pupa fagi lé e. Mo gbé ọwọ́ lé e, ooru gbá mi ní àtẹ́lẹwọ́. Mo lọ yọ ìwé ìtọ́ni ọkọ̀ nínú àpótí iwájú, mo kà á. Ibẹ̀ ni bátìrì ti ń mí. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bò ó.

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Bí mo bá panu mọ́, kò sí ẹni tó máa mọ̀ títí ayé. Waheedah yọrí lójú fèrèsé òkè, ó bi mí bóyá dísẹ̀lì máa ń jẹ́ kí àwọn bàbá tètè wálé. 

Dádì jáde, ìwé ẹ̀rí ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ kó padà fún ẹni tó tà á wà lọ́wọ́ wọn. Àbàwọ́n yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Wọ́n dúró.

"Ta ló ṣe èyí?"

Mo ya ẹnu láti pe ọ̀mùtí Plumstead jáde. Ohùn ara mi ni mo gbọ́.

"Èmi ni, Dádì. Sóbò ni. Torí kẹ́ ẹ má bàa rí i ni mo ṣe ní kí Mọ́mì bo àga. Bùláńkẹ́ẹ̀tì yẹn ló dí ihò tí bátìrì fi ń mí. Ọkọ̀ yìí ò bàjẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a padà."

Èémí kan ṣoṣo ni mo fi sọ gbogbo rẹ̀. Dádì kúnlẹ̀. Wọ́n fi ìka méjì fa irun ẹkùn jáde nínú ihò yẹn, wọ́n wò ó. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìfọ́tí, mo ti múra sílẹ̀ fún ìwáàsù tó máa bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà Ànábì Ádámà. Ohun tí wọ́n sọ kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ.

"Ọjọ́ mẹ́jọ, Falilat."

Ìfọ́tí ì bá sàn jù. 

Mọ́mì ti jáde nígbà yẹn, wọ́n sì ti gbọ́. Wọ́n wo bùláńkẹ́ẹ̀tì wọn, wọ́n wo ihò náà. Wọ́n ní, "Ta ló tilẹ̀ rán wọn láti ṣe ọkọ̀ tó ń gba ẹ̀gbẹ́ àga mí?" Dádì fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde. Ká sọ òótọ́, àpọ́njù ló fẹ́ pa ọkọ̀ yẹn. Ká ní owó pọ́ọ́kú ni wọ́n rà á, kò sẹ́ni tó máa da bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà la gbé e lọ sọ́dọ̀ Abíọ́nà, ọmọ Ìbàdàn tó ń tún takisí ṣe ní Belvedere. Ó tú ẹ̀gbẹ́ àga, ó sì fa irun jáde tí wọ́n lè fi rán fìlà fún gbogbo àwọn ìmáàmù Woolwich. Ó fọ fáànù, ó yẹ bátìrì wò fínnífínní, ó ní ara bátìrì le, èémí ló ká a mọ́. Iná pupa kú. Kò rẹ́rìn-ín rárá àfi nígbà tí Dádì sọ̀rọ̀ dé orí pín-ìn-nì. Ọgọ́ta pọ́n-ùn ló gbà. Dádì pe ọkùnrin tó fẹ́ gba ọkọ̀ padà, wọ́n ní kó má bínú. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti wà nílé, gbogbo wa. Ọjọ́ mọ́kànlá tó kù nínú ààwẹ̀, Dádì kò pa ọ̀kan jẹ. Ní tèmi, ìjìyà mi ni pé Sátidé gbogbo, èmi ni màá máa fọ ọkọ̀ náà títí di oṣù Kejìlá. Kò burú. Bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, ọṣẹ ṣì wà ní èékánná mi.

Èsì Dádì rẹ rèé o. Sọ fún wọn pé ọ̀nà téèyàn ń tọ̀ ló ń sọ bóyá háíbíríìdì tó owó rẹ̀. Ìgboro tí èèyàn ń tẹ búréèkì ní gbogbo ìṣẹ́jú, bí ibi tí Dádì ti ń ṣiṣẹ́, ó tó o, ó tún kù. Ṣùgbọ́n o sọ pé láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ọ̀rẹ̀ ni Dádì rẹ ti ń lọ ra ọjà. Lórí títì gbọọrọ bẹ́ẹ̀, wọn ò ní máa tẹ búréèkì, bátìrì ò sì ní rí nǹkan gidi jẹ. Tó bá wá bàjẹ́ lọ́nà, ta ló máa tún un ṣe? Kí wọ́n ṣì ní sùúrù. Kí wọ́n sì má ra bùláńkẹ́ẹ̀tì kankan.

Ọ́ńkù Múrítàlá wá kí wa lọ́jọ́ ọdún. Wọ́n jẹun yó, wọ́n gbé ìtan adìẹ lọ́wọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn wọn. Wọ́n ní kí Dádì sọ òótọ́, tá a bá yọ owó Abíọ́nà, tá a bá yọ gbogbo bẹntiróòlù tó ṣòfò yẹn, èló gan-an ni ọkọ̀ náà ti bá wọn fi pamọ́? Èmi ti fẹ́ mú fóònù láti bá wọn ṣírò. Dádì kò ṣírò nǹkan kan.

"Múrítàlá, nínú ààwẹ̀ tó parí yìí, ẹ̀ẹ̀melòó lo ṣínu nílé rẹ?"

Ọ́ńkù gbé ìtan adìẹ dúró sókè. Wọ́n rò ó.

"Ẹ̀ẹ̀kan." Wọ́n tún rò ó. "Ọjọ́ àkọ́kọ́."

 Mọ́mì rọra sún abọ́ ẹran sọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ wa fúngbà díẹ̀, wọ́n ní kí Dádì fún àwọn ní kọ́kọ́rọ́, àwọn kàn fẹ́ jókòó sínú rẹ̀ wò ni. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀ ju bí wọ́n ṣe sọ lọ.

Bá mi kí Mọ́mì rẹ, kí o fi orúkọ mi fa àwọn ìbejì létí. Kí Dádì rẹ pẹ̀lú ìkúnlẹ̀, kó o sì bá mi bẹ̀ wọ́n nípa fóònù rẹ. Mọ́mì mi ní kí n kí gbogbo yín, Waheedah ní kí n fi dàbínù kan há inú àpòòwé, ṣùgbọ́n mo ti jẹ ẹ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ṣeé tà tí kò sì ṣeé dá padà,

Falilat